Ọmọ Òṣómàáló

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta l'Ókèsà,
tíṣà wa, Dọ́káàsì Fálúyì, a máa dá ṣọ́ọ̀kì sí méjì,
a ní ààbọ̀ tó odindi
fún ọmọ tó bá fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀.
Bí òjò bá dé, páànù tó ti ṣí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n,
a ó kó jọ sígun kan bí òròmọdìyẹ,
òun á dúró síbi tó ń jò, á máa bèèrè:
"Mẹ́ta lọ́nà méje?"
À ń gbọ̀n, à ń dáhùn:
Ọ̀kànlélógún, mà.

Òṣómàáló ni bàbá tó bí i.
Ó ru aṣọ dé Ọ̀fà, ó tà á láwìn,
ó padà lọ gbowó.
Kò bú ẹnìkan, kò gbé kùmọ̀.
Ó kàn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè
títí òkèlè fi há onílé lọ́fun.

Ọdún ìbò dé. Obìnrin kankan ò dán an wò rí lágbègbè wa.
Àwọn àgbà Ìsọ̀kùn rẹ́rìn-ín:
"Ta ni yóò máa se ọbẹ̀ fún Fálúyì?"
Fálúyì ò sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tó fi dá wọn lóhùn:
"Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń sè é."

A dìbò. Ọmọ tó kọ́ níwèé
pọ̀ ju ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú lọ.

N'Ílé Aṣòfin n'Íbàdàn, gèlè kan ṣoṣo
láàrin fìlà rẹpẹtẹ.
Wọ́n ní kó máa bójú tó ìpápánu.
Ó fa bírò pupa yọ,
ó ń máàkì ìwé ìṣúná lójú gbogbo wọn:
"Ẹ ka owó yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lọ tún un ṣe."

Wọ́n buwọ́ lùwé páànù wa. Owó ò wá.
Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà kọmíṣọ́nnà,
ó ká ìró sókè, ó lóṣòó.
Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mẹ́sẹ́ńjà gbé àga wá, ó kọ̀ ọ́.
Nígbà tó di Ọjọ́rú, ọ̀gá náà ò lè mu tíì rẹ̀ mọ́.

Èmi ni mo kan ìṣó àkọ́kọ́ mọ́ òrùlé náà,
mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́ káfíńtà ni.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó pín ìrẹsì ló wọlé.
Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, Dọ́káàsì ti padà síwájú pátákó,
ààbọ̀ ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.
Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó tẹ́tí díẹ̀.
"Mẹ́ta lọ́nà méje?"
Mo rí ẹnu àwọn ọmọ tó ń ṣí,
ṣùgbọ́n ariwo páànù ò jẹ́ kí n gbọ́ ìdáhùn.