Òkun ní Tákíè

Bàbá mi bi mí léèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́:
"Kí ló da Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ mọ́ òkun?"
Mo ní ọ́fíìsì wa ni, bàbá, òkè ṣọ́ọ̀bù oníṣìmẹ́ǹtì ní Tákíè,
yàrá méjì, fáànù kan tó ń yí bí ọmọ tí kò fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.
Àwọn kan ló gbé owó kalẹ̀
kí wọ́n fi gbin igi ẹ̀gbà padà sí etí omi iyọ̀,
kí ilẹ̀ tó ń yọ́ lè rí nǹkan dì mú.
Oṣù mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi. N kò rí òkun rí.
Odò tí mo mọ̀ ni Ọ̀bà,
tí mo fi ẹsẹ̀ là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn,
tí omi ò dé ọrùn ẹsẹ̀ mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n ka ìwé ìbéèrè, kí n fún un ní máàkì:
mẹ́wàá fún àkáǹtì báǹkì,
mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún lẹ́tà ọba ìlú,
ogún fún ẹ̀rí, fọ́tò mẹ́rin, kí ọjọ́ hàn lára wọn.
Arábìnrin Oyèlàdé, ọ̀gá mi, fi rúlà gbá tábìlì:
"Má fi àánú ka ìwé. Àánú kì í tán, owó ń tán."
Òótọ́ ni. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mi.

Àwọn ará àdúgbò rò pé ọwọ́ mi ni owó náà wà.
Ìyá Oyèdòyìn dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òjò ti wó ògiri òun,
ṣé wọn ò lè ka ìyẹn mọ́ òkun?
Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo wo ògiri náà.

Lọ́jọ́bọ̀ kan tí ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa,
ìwé kan jáde láti inú àpò, ó gan bí ẹja gbígbẹ.
Máfimíṣẹ̀bi ni orúkọ ẹni tó kọ ọ́,
láti Ìgbòlómi, abúlé tí n kò rí lórí máàpù wa.
Kò ní àkáǹtì. Kò ní lẹ́tà ọba;
ó ní ọba ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Òkìtìpupa.
Níbi tí a ti béèrè fọ́tò, báírò ló fi fa ìlà mẹ́ta:
ibí ni etí omi wà nígbà tí mo wà ní kékeré,
ibí ló wà nígbà tí mo bí àkọ́bí mi,
ibí ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí.
Kò fa ìlà kẹrin. Ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ṣírò rẹ̀: méjìdínlógójì.
Mo tún un ṣírò. Méjìdínlógójì náà ni.
Àádọ́ta ni ìloro.

Mo ra káàdì igba náírà, mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀.
Ó dún, ó dún, ó já. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnìkan gbé e.
"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, nípa ìwé yín."
Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ariwo kan, hùùùù,
ó lọ sílẹ̀, ó tún dìde.
Mo ní, "Sà, nẹ́tíwọ̀kì ò dára, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bọ́ síta."
Ó ní, "Ìta ni mo wà, ọmọ mi.
Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Òun nìyẹn."

Lábẹ́ fèrèsé, àwọn ọlọ́kadà ń du èrò Ṣábó,
wọ́n ń já ṣìmẹ́ǹtì, eruku rẹ̀ ń gòkè bọ̀ wá bá mi,
àwa méjèèjì dákẹ́, èmi àti bàbá yẹn,
à ń gbọ́ bó ṣe ń jẹun.

Mo mú pẹ́ńsùlù.
Níbi tí wọ́n kọ ẹ̀rí sí, mo kọ ọ́: Mo gbọ́ ọ.
Mo fún un ní ogún.

Arábìnrin Oyèlàdé wò ó títí.
Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú.
"A kì í fi etí ya fọ́tò," ló wí.
Ó mú rọ́bà ìpàwérẹ́ lórí tábìlì,
ó fi há fèrèsé tí ọyẹ́ ń mì jìgìjìgì.