Má Fá Igi Yìí

Ọ̀sẹ̀ kẹta nínú Lẹ́ńtì ni Katikíìsì Akíntìmẹ́hìn
yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àgùnlá,
òógùn bò ó, àkọ́rọ̀ òjò kò tíì mọ ọ̀nà Oǹdó.
Ó ní, "Káfíńtà, àgbélébùú la fẹ́,
èyí tí a ó gbé yí ìlú ká lọ́jọ́ Ẹtì Rere.
Ti àtijọ́, ikán ti jẹ ẹ́ nídìí."
Ó san ìdajì owó. Ó gbàgbé fìlà sórí tábìlì mi.

Mo yan igi arère,
torí arère fúyẹ́, kò ní bó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ léjìká.
Mo gbé ráńdà, mo fá a,
mo fi sáńpépà ha á
títí ó fi ń dán bí èékánná ìyàwó ọ̀ṣìngín.
Inú mi dùn sí i.

Ìyá Fọlọ́runṣọ́ ló ń kọjá,
ó ń ti àdúrà aago mẹ́fà bọ̀, àwẹ̀ ti gbẹ ètè rẹ̀.
Ó dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra igi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀
bí ẹni tí ń wá ibi tó ń dun ọmọ.
Ó ní, "Ta lo ṣe bẹ́ẹ̀dì yìí fún?"

N kò lè dá a lóhùn.
Èmi náà ni mo kan pósí ọmọ rẹ̀ ní èṣí,
Fọlọ́runṣọ́ tí ọkọ̀ ẹlẹ́rù gbá ní ọ̀nà Orè.
Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó jókòó sórí èérún pákó,
kò sunkún, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń tẹnu mọ́:
"Fá inú rẹ̀ dáadáa, káfíńtà,
kí ẹ̀gún igi má gún ọmọ mi lẹ́yìn."
Mo fá a títí àkùkọ fi kọ.

Ó gbé ọwọ́ kúrò lára arère.
"Má fá èyí," ni ó wí.
"Ìyá tirẹ̀ kò rí káfíńtà kankan bẹ̀."

Ó bá tirẹ̀ lọ.

Káfíńtà kan ló ṣáà kan ti Gọ́lígọ́tà.
N kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.
Ẹnì kan tó mọ igi bí mo ti mọ̀ ọ́n,
tó wọ̀n ọ́n, tó gé e, tó gbowó, tó relé lọ jẹun,
tó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Iṣẹ́ àwọn ará Róòmù ni, má bèèrè."
Àti Olùgbàlà fúnra rẹ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀bù,
tó dàgbà sáàárín èérún pákó ní Násárẹ́tì:
nígbà tí wọ́n gbé igi lé egbò ẹ̀yìn rẹ̀,
ṣé kò ní ti òórùn mọ irú igi tó jẹ́?
Ṣé kò ní mọ̀ pé ẹni tó là á kánjú,
pé ayùn rẹ̀ kò mú?
Ǹjẹ́ ó rántí ọwọ́ Jósẹ́fù lórí ọwọ́ tirẹ̀,
tí ń kọ́ ọ bí a ṣe ń kan ìṣó kó má wọ́?
Olúwa mi,
ọwọ́ rẹ ti mọ ìṣó kí ìṣó tó mọ ọwọ́ rẹ.

Mo ta arère fún ẹni tó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù.
Mo lọ sí sọ́míìlì, mo ra ìrókò tútù
tó wúwo bí ọ̀ràn.
Ayùn nìkan ló fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwa mẹ́fà la gbé e.
Nígbà tí a ń ka ti Símónì ará Kírénè,
ẹ̀gún igi kan wọ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi, ó wọlé jìnnà.
N kò ké.
Ìyá Fọlọ́runṣọ́ wà lẹ́bàá ọ̀nà,
kò wojú ẹnikẹ́ni nínú wa, igi ló ń wò.
Ó sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan,
ó mi orí bí ẹni tó ń kí abiyamọ kan lókèèrè.

Ìyàwó mi ti mú abẹ́rẹ́ wá lẹ́ẹ̀mejì.
Mo ní kó di lẹ́yìn Àjíǹde.
Katikíìsì gbé ìdajì owó tó kù wá.
Fìlà rẹ̀ ni mo fún un.