Ìgbọ̀nwọ́ Bàbá Mi

Alẹ́ ni mo máa ń há wọn sórí,
nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ilé Alájì Búsàrí bá dákẹ́,
tí Ìsánlú-Ìsin bá padà sínú òkùnkùn ara rẹ̀:
ẹ́fù dọ́gba pẹ̀lú ẹ́mù lọ́nà éè,
fíì dọ́gba pẹ̀lú áì lọ́nà áà.
Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti wá, mi ò mọ ìyá tó bí wọn.
Tó bá fi máa di òwúrọ̀,
méjì á ti sá lọ,
ọ̀kan á ti gba aṣọ ọ̀kan wọ̀.

Nínú ìdánwò ìgbáradì, mo kọ "ogún", mo fà á nídìí.
Tíṣà Dáòdù fi bíírò pupa bi mí léèrè:
"Ogún kí ni? Ogún iṣu? Ogún ewúrẹ́?"
Ó kà á sókè. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Máàkì kan lọ.
Mo gbé ìtìjú náà relé bíi korobá tó ń jò,
ó ń dà sí mi lẹ́sẹ̀ títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá mi ń gbẹ́ kànga.
Eékánná rẹ̀ lẹ máa wò
kí ẹ tó mọ ilẹ̀ tó gbẹ́ lánàá:
amọ̀ pupa Òkè-Onígbín,
ilẹ̀ dúdú Ọ̀wá Onírè,
òkúta tó ń rún bí iyọ̀.
Okùn ló fi ń wọn kànga,
apá rẹ̀ ló fi ń wọn okùn.
Mo ní, "Bàbá, ìgbọ̀nwọ́ ta ni?"
Ó ní, "Tèmi. Ta ló tún wọ inú ihò yẹn?"

Sátidé kan nínú ọyẹ́,
omi kànga Ìyá Sàbítíyù sá wọlẹ̀.
Bàbá mú òkúta kan, ó nà án sí ẹnu kànga.
Mo gba fóònù onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò lé bọ́tìnnì.
Kò jù ú.
Ó kàn la ọwọ́ ni.

Jàbú!

"Ó ti lé ní ogójì," ni Bàbá wí. Etí ló fi gbọ́ ọ.
Èmi wo fóònù: ìṣẹ́jú àáyá méjì.
Mo ya bébà sìmẹ́ńtì, mo kúnlẹ̀ sínú eruku.
Yúù jẹ́ òdo. Àṣé ohun tí òdo yẹn ń sọ nìyí,
àtẹ́lẹwọ́ tó là, tí kò ti nǹkan kan.
Ìdajì jíì, márùn-ún.
Tíì lọ́nà tíì, mẹ́rin.
"Ogún mítà," mo pariwo, "mítà, Bàbá, kì í ṣe iṣu!"

Ó sọ okùn sílẹ̀, ó ń kà á bó ṣe ń fà á bọ̀.
Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rìnlélógójì.
Mo fi rúlà wọn apá rẹ̀
láti ìgbọ̀nwọ́ dé ṣóńṣó ìka àárín,
mo gba orí àpá ọkọ́ kọjá:
sẹ̀ǹtímítà márùndínláàádọ́ta.
Mo sọ ọ́ di púpọ̀.
Ó ku ogún sẹ̀ǹtímítà kí àwa méjèèjì pàdé.
Bàbá ní okùn ló nà.
Mo ní àtàǹpàkò mi ló pẹ́.
A ò tíì parí ìjà yẹn.

Ìgbà tí Wáẹ̀kì dé, òjò ń rọ̀ sórí páànù gbọ̀ngàn.
Ìbéèrè kẹrin: òkúta kan já láti orí òkè gíga,
ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló fi dé ilẹ̀.
Fadérera tó jókòó níwájú mi ń jẹ ìdí bíírò.
Ohun tí mo há sórí kọ́ ló wá sí mi lọ́kàn.
Mo rí ọwọ́ kan tó là.
Márùn-ún lọ́nà mẹ́sàn-án,
márùndínláàádọ́ta.
Iye apá Bàbá mi gẹ́lẹ́!
Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, alábòójútó yíjú wò mí.
Mo tẹrí ba,
mo kọ "mítà" síwájú rẹ̀, gàdàgbà,
mo tún fà á nídìí lẹ́ẹ̀mejì.