Dúdú

Wọ́n ní kí n wá sọ iye àwòrán tí Lore fi sílẹ̀.
Ọkùnrin kan ni, ó gba Kútọnu wá, ìwé lọ́wọ́,
ó jókòó lórí àga aláṣọ mi tí ọ̀dà ti bà jẹ́.
Mo ní kó jẹ́ kí n fọ búrọ́ọ̀ṣì mi ná.

Lore. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ a kò mọ̀ ọ́n pè.
Ìyá mi ní Lọ́rẹ, bí ìgbà tí a bá ta ènìyàn lọ́rẹ,
orúkọ náà sì bá a mu ju èyí tó gbé ti Jámánì wá.
Kí ló tún gbé wá? Àpótí páànù kan.
Kò sí àwòrán kan ṣoṣo nínú rẹ̀.
Wọ́n ti dáná sun wọ́n nílé, ó ní.
Àwọn tó ń jọba nígbà náà
ní ojú ènìyàn kì í ṣe àwọ̀ ewé,
ní ẹṣin kì í ṣe àwọ̀ aró,
ní wèrè ló ń kun irú wọn.
Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí òjò há wa mọ́ kíláàsì.
Kò tún un sọ mọ́.

Ogójì ọmọ ni wá,
lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin.
Bí ọkọ̀ bá ti Pàràkú dé, tábìlì a gbọ̀n, ìlà wa a wọ́.
"Ẹ fi sílẹ̀," ni yóò wí, "ọkọ̀ náà ti bá yín yà á."

Ó ní ojú a máa purọ́, kí á bi inú wa.
Wòrú ọmọ alágbẹ̀dẹ bi inú rẹ̀,
inú rẹ̀ ní ebi ń pa òun,
ó ya iṣu tó ga ju òkè Ṣábẹ̀ẹ́ lọ.
Lọ́rẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri,
ó sì lọ se iṣu.

Ọdún tí odò Ọ̀pàrá gbé àbúrò mi lọ,
ó wá jókòó ti ìyá mi fún ọjọ́ mẹ́ta,
kò gbọ́ èdè tó lè fi tu ènìyàn nínú.
Ní ọjọ́ kẹrin ó ya ojú ìyá mi:
àwọ̀ ewé láti iwájú orí dé àgbọ̀n,
ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀bẹ.
Inú bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ṣé òkú ni wọ́n fi ìyàwó wa pè ni?
Ìyá mi gba àwòrán náà, ó gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀.
Ó pẹ́ níbẹ̀.
"Ó dú," ni ó wí. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo dú lóru ọjọ́ yẹn."

Lọ́rẹ bi mí pé kí ni ìyá mi sọ.
Mo tọ́ka sí ewé mángòrò: dúdú.
Aṣọ aró tó wà lórí okùn: dúdú.
Ẹ̀yìn òkè, níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú: dúdú.
Irun orí mi.
"Ọ̀rọ̀ kan náà?"
Ọ̀rọ̀ kan náà.
Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.
"Wọ́n lé mi nílùú nítorí ohun tí ẹnu ìyá rẹ ti mọ̀."

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì la sin ín sí.
Ikán jẹ káńfáàsì, òjò fọ ògiri kíláàsì.
Ìlẹ̀kùn kan tí ó kùn, Ìyá Ṣàbí fi ń dé ilé adìyẹ.
Àwòrán ìyá mi bá ìyá mi lọ, abẹ́ orí rẹ̀ la tẹ́ ẹ sí.
Nítorí náà, ọ̀gbẹ́ni, kò sí ohun tí ẹ óò kà sínú ìwé yẹn,

àfi kí ẹ bá mi rìn dé òpópónà.
Ẹ wo pátákó onígbàjámọ̀: orí mẹ́ta, àwọ̀ aró ni gbogbo wọn.
Ẹ wo ti agbẹ̀bí, ìkókó tó pọ́n bí ẹyin ojú iná.
Ọwọ́ mi ni.
Onígbàjámọ̀ kọ̀, kò fẹ́ sanwó. Ta ló ní orí aláró?
Mo ní kó dúró di ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn wọ ẹ̀yìn òkè,
kó wá wo ara rẹ̀ nínú dígí.
Ó wò ó.
Ó sanwó. Ó ṣì jẹ mí ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹ̀fáà.