Yàrá 614

Wọ́n kọ́ ilé gíláàsì sí òdìkejì títì ní Duluth,
alájà méjìlélógún, ó ń wo adágún láti òkè.
Ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ ra bàtà tuntun,
ẹsẹ̀ a máa yún un:
ọ̀gá wa ò sùn mọ́.

Ó ní ká ká kápẹ́ẹ̀tì pupa. A ká a.
Ó ní ká bó ògiri. Bébà olódòdó bọ́,
aláwọ̀ ewé wà lábẹ́ rẹ̀,
òmíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn,
lábẹ́ gbogbo wọn, pẹ́ńsù ẹnìkan:
"Òtútù pa mí níbí. Einar, 1926."

Verna Halvorsen, tó ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
fi ìka tọ orúkọ náà
bí ẹni ń yẹ eruku wò.
"Ṣé ẹ ó kùn ún?"
"Lọ́la, mà," ni ọmọ kọngílá wí.

Kọ́kọ́rọ́ idẹ kún páálí lẹ́nu ọ̀nà;
káàdì ni àlejò yóò máa fi ṣílẹ̀kùn báyìí.
Ó wá tirẹ̀ títí, ó rí i,
ó jù ú sápò.
Ìlẹ̀kùn tó ń ṣí,
wọ́n ti gbé e lọ láàárọ̀.