Níbo Ni Bọ́ọ̀lù Wà?

Oyèníran ni bàbá mi sọ mí.
Págà ni Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ mí sí,
láti Táàkíì dé Ìsàlẹ̀ Afọ́n.
Bí mo bá gun orí ìtàgé, tí mo dákẹ́ lásán,
tí mo kàn tẹjú mọ́ bàtà ẹnì kan níwájú,
ẹ̀rín á ti sọ.
Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ẹnu jẹun.
Mo fi orí pípá pásítọ̀ ra bàtà fọ́mọ,
mo fi ìyàwó mi san owó ilé,
àwàdà nípa ìyàwó ni mo wí o, kì í ṣe òun gan-an,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ò rí ìyàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà a máa darúgbó.
Ní Dìsẹ́ńbà, mo ń sọ ti ajá tó lọ gba káàdì nílé ìwòsàn,
ọmọdékùnrin kan ti parí rẹ̀ kí n tó débẹ̀.
Òun ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ni mo ṣe sáré lọ sí rédíò ojú ọ̀nà Ìlọrin
nígbà tí ọ̀fun asọ̀rọ̀-bọ́ọ̀lù wọn dáṣẹ́ sílẹ̀.
Ọ̀gá ní, "Ṣé o mọ bọ́ọ̀lù?"
Mo ní, "Ta ni ò mọ ohun tó rí róbótó?"
Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà mí.
Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn.

Sátidé. Táàkíì ń bá Ìjẹ̀rú gbá.
Oòrùn ń yan páànù lókè orí wa.
Mo sọ ti ikùn rẹfirí,
pé ó ti wọ pápá kí rẹfirí fúnra rẹ̀ tó dé.
Mo sọ ti ṣòkòtò aṣọ́lé Ìjẹ̀rú, ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
Ariwo ta: góòòlù!
Ta ló gbá a? N ò mọ̀.

Fóònù gbọ̀n lórí tábìlì.
Bàbá mi ni,
tó ṣọ́lé fún ìlú yìí nígbà èwe rẹ̀,
tí ojú rẹ̀ ti ṣú láti ọdún mẹ́fà,
tí kò rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi rí. Kódà ti ajá.
Kò kí mi, kò bú mi.
"Níbo ni bọ́ọ̀lù wà?"
Ó pa fóònù.

Lórí ìtàgé, mo lè ki erin bọ inú ìgò,
kò sẹ́ni tí yóò bèèrè ọmọrí.
Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà lẹ́yìnkùlé ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n,
ó gbé rédíò sórí itan,
ẹnu mi ló fi ń ríran.

"Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ Múfútáù, apá òsì,
lẹ́bàá ìlà, níbi tí koríko ti gbẹ.
Ó wo ọ̀tún. Ó gbé e fún Jọláadé.
Jọláadé dúró. Ó dá a padà."
Báyìí, báyìí, ogún ìṣẹ́jú.
Ni rẹfirí bá ṣubú, gbì!
Ẹnu yún mi. Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe yún mi.
Mo ní, "Rẹfirí ṣubú. Bọ́ọ̀lù wà láàárín pápá."

Nígbà tí mo délé, ó ń bó máńgòrò.
Ó ní, "Rẹfirí yẹn, ó sanra, àbí?"
"Ó sanra, Bàbá."
"Mo rí i nígbà tó ń ṣubú."
Ó wá bú sẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín kan tó ń dún kẹ̀ẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí wọn kì í sábà ṣí.
N ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.
Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń bó máńgòrò.