Ojú Òkúta

Ike ọ̀dà mẹ́ta ló kù ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ódò-Ọjà, n'Íkẹ̀rẹ́:
dúdú, pupa, funfun.
Aláwọ̀ ewé ti gbẹ, aró ti tán láti ìgbà ọdún,
owó tíṣà kò sì tíì jáde.
Mo ní, kò burú. Àwọn tó kunlé fún baba ńlá wa,
ṣé ju mẹ́ta náà lọ ni wọ́n ní ni?

Yèyé Fẹ́hìntọlá jókòó sórí àpótí,
òòlù rẹ̀ lórí orúnkún bí ọmọ tó ń tòògbé.
Ọdún mọ́kànlélógún ló fi fọ́ òkúta lẹ́bàá ọ̀nà Adó;
ilé tí kò mọ iye rẹ̀ ló dúró lórí wẹ́wẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ni mo kọ́kọ́ mú.
Mo fa ìpéǹpéjú, mo fa ìlà ẹnu,
mo ń tọ́ imú jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń yọ ẹ̀gún.
Ó wò mí, ó wò mí, ó pòṣé.
"Ta ló kú tí o ń tẹ́ mi báyìí?
Òkúta kì í gba ẹ̀bẹ̀, ọmọ mi.
Wá ojú rẹ̀. Tí o bá ti rí i,
má lù ú lẹ́ẹ̀mejì."

Ni mo bá ju tín-ín-rín sínú omi,
mo ki búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé bọ dúdú:
gbà! èjìká.
Gbà! apá tó ga sókè tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀.
Pupa gba àyà kọjá, ó ṣàn, n kò nù ún.
Funfun ẹyọ kan ṣoṣo níwájú orí,
níbi tí oòrùn àti òógùn ti ń pàdé.
Ojú, n kò ya ojú.
Ihò dúdú méjì ni, wọ́n sì ń wò mí.

Ó dìde, orúnkún rẹ̀ ké.
"Ìró mi dà? Aró ni mo ró wá."
Mo ní, Yèyé, aró ò sí nílé.
Dúdú tó bọ́ sínú funfun ni mo fi kùn ún,
eérú lásán ni.
Ó sún mọ́ ọn, ó fà sẹ́yìn.
"Irọ́ lo ń pa. Aró nìyí."

Mo wò ó. Àbí ojú mi ni?
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa yẹn, eérú ti rẹ ara rẹ̀ láró.

Ó gbé òòlù rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀,
ó ní kí n má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́.
N kò fọwọ́ kàn án.
Ọ̀dà pupa ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀
títí ilẹ̀ fi ṣú.